Plánà, ẹni tí wọn kì í dárúkọ

Ọmọ Tákíé:
Ẹ̀yin plánà ẹgbẹ́ mi, ẹ wá sọ tiyín. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí mo bá ti ní iṣẹ́ mi ni láti ṣètò ọjọ́ tí iṣẹ́ ilé tàbí títì máa parí, ìbéèrè kan náà ni: "Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ń ṣe tipẹ́ wá ńkọ́?" Àfi bí ẹni pé èmi ni mo gbé e pamọ́! Màmá mi ti fi tiwọn parí ẹ̀, ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Akẹ̀sán:
Ẹ̀gbọ́n, tiyín ṣì dáa. Sáìtì kan la wà l'Ọ́yọ̀ọ́, mo fi ọdún egúngún sínú kàlẹ́ńdà iṣẹ́. Ọ̀gá wa l'Ékòó pa á rẹ́, wọ́n ní irú họlidé wo nìyẹn. Ọjọ́ pé: kò sí bíríkìlà, kò sí lébírà, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ sìmẹ́ńtì pàápàá ti lọ wòran. Ọ̀gá pè: "Àwọn òṣìṣẹ́ dà?" Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n rẹ́, sà."

Ti dẹ́kì ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Alága tó ni ilé fẹ́ ká tètè yọ igi abẹ́ rẹ̀, àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun. Mo ṣàlàyé pé ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń fi dán agbára kọnkéré wò. Wọ́n ní, "Ṣebí inú kọ̀ǹpútà ni? Kọ 10 síbẹ̀." Bàbá bíríkìlà ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Alága, kọnkéré ò mọ̀wé."

Ìyá Ìbejì:
Kọnkéré ò mọ̀wé! Mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì.

Àgbà Plánà:
Ẹ má bínú, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbàgbé wa. Àtẹ onílà gbọọrọ tí gbogbo wa fi ń to ọjọ́ iṣẹ́ yẹn, Karol Adamiecki, ará Poland, ti yàwòrán irú rẹ̀ ní 1896. Henry Gantt ti Amẹ́ríkà dé lẹ́yìn, orúkọ tiẹ̀ ló sì mọ́ ọn lára: "Gantt chart".

Ọmọ Tákíé:
Kí ẹ wá wo ọjọ́ tí a ṣí ilé kan. Ẹni tó mú máíìkì dúpẹ́ lọ́wọ́ oníkánópì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá, ó kí alásè lẹ́ẹ̀mejì. N kò gbọ́ "plánà". Àfi ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ni ẹni tó ni ilé náà bá yíjú sí mi: "Ṣé o ò kọ òjò síbẹ̀ ni?"

Mo kọ ọ́. Àwọn ni wọ́n ní ká yọ ọ́.