Àbọ̀ ọ̀rọ̀ próstéètì Bàbá mi

Ẹ kú àdúrótì o. Mo béèrè ìdí tí ìtọ̀ fi tún ń há mọ́ Bàbá mi n'Ìkéré, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá a dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ próstéètì rẹ̀ (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, tó bá wú, á dí ìtọ̀) ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2021. Dókítà l'Adó ní ìtọ́jú yẹn máa ń mú un súnkì ni, kì í gé e kúrò; ẹ̀jẹ̀ lè gba ọ̀nà mìíràn débẹ̀, kó tún wú. Ọkàn mi balẹ̀, torí mo ti ń dá ara mi lẹ́bi. Wọ́n wá gba ojú ìtọ̀ wọlé, wọ́n ha próstéètì náà. Wọ́n ti yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ rẹ̀. Lánàá, ike tó máa ń tọ̀ sí lóru gbẹ títí ilẹ̀ fi mọ́, kò nílò àtijí tọ̀. Ẹ ṣeun gan-an, ìbéèrè mi ti parí.