Nígbà tí káàdì Pokémon yín bá sùn, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìgbógbó
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ó tó oṣù kan ààbọ̀ tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta káàdì Pokémon, eré tí èèyàn méjì ń fi káàdì ẹran àfinúrò bára wọn jà. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ ẹ́nájì, ìyẹn káàdì agbára tí wọ́n fi ń lù, mọ́ káàdì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọgbẹ́. Ohun tó ṣì ń dà mí láàmú ni àwọn àìlera márùn-ún yẹn: sísùn, jíjóná, orí dídàrú, yíyarọ, àti májèlé.

Sátidé tó kọjá, Charmander mi sùn. Mo ju owó: tó bá ṣí orí, ó jí; tó bá ṣí ìdí, ó ṣì ń sùn. Ìdí ló ṣí. Mo tún jù ú, ìdí. Gbogbo ìgbà tí mò ń ju owó yìí, Switch, káàdì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ èyí tó wà níwájú, wà lọ́wọ́ mi, Charmeleon tí Charmander máa ń dàgbà dà náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ń fi wọ́n pamọ́ de ìgbà tó máa le. Ibi tó ti sùn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti lù ú pa, tó sì mú ọ̀kan nínú ẹ̀bùn rẹ̀, àwọn káàdì tí ẹni tó bá kọ́kọ́ mú gbogbo ẹ̀ tán fi ń jẹ. Ó dùn mí wọra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, èwo nínú márààrún ló kọ́kọ́ fojú yín rí màbo?

Kọ́ńdọ̀ Sábó
Jẹ́ kó sá padà sí bẹ́ǹṣì, níbi tí àwọn tó kù ń dúró sí lẹ́yìn. Ó parí.

Tíṣà Odògúnyàn
Kò parí o, àbúrò. Èyí tó sùn kò lè sá, bí ẹ́nájì tilẹ̀ kún ara ẹ̀. Èyí tó yarọ náà kò lè sá. Switch ló lè yọ wọ́n, torí pé wọn ò fẹsẹ̀ ara wọn rìn, ìwọ lo gbé wọn. Bí ara wọn bá ti kan bẹ́ǹṣì báyìí, àìlera yòówù tó wà lára wọn ti kúrò. Èyí tí májèlé, iná tàbí orí dídàrú bá mú ló lè dá sá, tó o bá san iye ẹ́nájì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ káàdì ẹ̀.

Ọmọ Ìgbógbó, o ò tiẹ̀ nílò Switch lọ́jọ́ yẹn. Ká ní o gbé Charmeleon lé Charmander lórí ni, ó ti jí. Káàdì tó bá dàgbà, àìlera ẹ̀ ń lọ pátápátá.

Ọmọ Ìgbógbó
Há! Charmeleon tó wà lọ́wọ́ mi látàárọ̀.

Ìyá Ìbejì, Agric
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi.

Àbúrò bàbá àwọn ìbejì mi ló ra káàdì yìí bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, a tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀, a gbé àtùpà sáàárín, Táíwò ní kí n wá bá òun ta. Kẹ́hìndé jókòó tì wá, ó ń mu gààrí. Mo ní Snorlax kan níwájú, ó tóbi, mo gbọ́kàn lé e. Táíwò ṣe nǹkan kan, ó yí Snorlax mi dùbúlẹ̀ sápá ọ̀tún, ó ní, "Mọ̀mí, ó ti yarọ." Mo ní ìgbà wo ló máa wá dìde? Ó ní tí n bá ju owó tó bá ṣí orí.

Mo bá ń jù ú. Ìdérí ìgò mínírà la fi ń ju, torí ta ló ní owó ẹyọ nílé báyìí? Ìdí. Mo tún jù, ìdí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo jù ú, ìdí ni gbogbo ẹ̀, Snorlax mi wà ní ìdùbúlẹ̀, ọmọ ń lù ú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kú. Ó mú ẹ̀bùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí n tó mú méjì.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, mò ń gbá yàrá wọn, mo rí ìwé pẹlẹbẹ tó bá páálí káàdì wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wọ díńgí, mo kà á. Àṣé yíyarọ kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú owó jíjù! Ìgbà kan ṣoṣo tó kàn mí ni mi ò ní lè lù, bí ìgbà yẹn bá sì ti tán, ó ti dìde fúnra ẹ̀. Sísùn ni wọ́n ń ju owó fún. Mo pe àwọn méjèèjì. Táíwò búra pé òun ò mọ̀, omi ti lé sí i lójú, mo gbà á gbọ́. Kẹ́hìndé ló sọ pé, "Èmi mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí."

Bọ̀dá Ìjẹ̀dẹ̀
Kẹ́hìndé ò ṣe é re! Ó ń mu gààrí, ó ń wo ìyá ẹ̀.

Àgbọn Àgbádárìgì
Kí ló fẹ́ kó ṣe? Òun kọ́ ló ń ta á. Níbi ayò ọlọ́pọ́n pàápàá, òǹwòran tó bá ń sọ̀rọ̀ jù, wọ́n á lé e.

Bọ̀dá Ìjẹ̀dẹ̀
Níbi ayò, wọ́n kì í dákẹ́ tí ẹnì kan bá ń ta àtakútà. Ìyẹn yàtọ̀ sí pé kéèyàn máa júwe ilé tó yẹ kó ta. Tó bá jẹ́ òfin ló ń bàjẹ́, kí òǹwòran sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ìtamàgà
Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì o. Àgbà kì í wà lọ́jà. Mo wà lẹ́yìn Bọ̀dá Ìjẹ̀dẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Agric
Ohun tí bàbá wọn sọ fún un gan-an nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ó ti bẹ̀ mí. Òun ló ń ka ìwé òfin sókè fún wa báyìí ká tó bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá Ìjẹ̀dẹ̀
Ṣùgbọ́n mọ̀mí, ẹ má bínú o, ìdí márùn-ún léraléra? Tí owó bá dọ́gba, ẹ̀ẹ̀kan péré ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú 32. Ìdérí ìgò yẹn ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Apá kan ẹ̀ ṣí sílẹ̀, etí ẹ̀ tún ṣe págunpàgun. Bó ṣe ń balẹ̀ ò lè dọ́gba.

Kọ́ńdọ̀ Sábó
Ìdérí ìgò ni gbogbo wa ń lò níbí. Kò sóhun tó ṣe é.

Bọ̀dá Ìjẹ̀dẹ̀
Jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá, kó o máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tèmi tí mo dán wò, ẹ̀yìn ló fẹ́ràn láti fi sùn.

Tíṣà Odògúnyàn
Dáìsì lúdò ni kẹ́ ẹ lò. Ìdíje ńlá pàápàá gbà á: 2, 4, 6 jẹ́ orí; 1, 3, 5 jẹ́ ìdí. Kẹ́ ẹ sáà ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ju nǹkan.

Àgbọn Àgbádárìgì
Èmi ní kọ́bọ̀ márùn-ún ti ọdún 1973, ìyá mi àgbà ló fún mi, inú kóló ló wà. Kòkó wà lójú kan, àmì ìjọba wà lójú kejì. Kòkó ni a fi ṣe orí. Ó wúwo, ó ń dún gbọnrangandan lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó lè ní mo ṣe àrékérekè.

Ẹja Ẹ̀pẹ́
Ẹ dá wa padà sórí ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Májèlé lèmi bá wá.

Lẹ́yìn ọjà ẹja Olúwo la ti ń ta, èmi àti ìbátan mi kan. Ó fi májèlé sí èyí tó wà níwájú mi, 30 ló kù kí ó kú. Mo ní májèlé ń jẹ 10, ó kù ìgbà mẹ́ta, mo ráyè. Mo fọkàn balẹ̀, mo lẹ ẹ́nájì kan mọ́ ọn, mo lù ú díẹ̀. Ìbátan mi ò tiẹ̀ lù mí padà. Ó fa káàdì kan, ó wojú mi, ó ní, "Mo ti ṣe tán." Ó na ọwọ́, ó gbé àmì ọgbẹ́ kan lé káàdì mi, ó ní ó ti kú.

Mo fẹ́ bá a jà. Ó wá kà á fún mi lórí tábìlì: májèlé ń jẹ lẹ́yìn ìgbà tó kàn án, ó tún ń jẹ lẹ́yìn ìgbà tó kàn mí. Ó ku 20 lẹ́yìn tiẹ̀, ó ku 10 lẹ́yìn tèmi, ó tán lẹ́yìn tiẹ̀. Èmi tí mo pe ìgbà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí lù. Látọjọ́ yẹn, tí mo bá rí májèlé, mo máa ń ṣírò 20 fún àlọ àti àbọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ìtamàgà
Jéésù! Ìgbà tó kàn mí nìkan lèmi ti ń gbé e lé e. Oṣù mẹ́ta!

Ọmọ Ìgbógbó
Èmi náà, àǹtí.

Ẹja Ẹ̀pẹ́
Iná tún burú jù ú, 20 nìyẹn, lẹ́yìn ìgbà tiẹ̀ àti lẹ́yìn tìrẹ. Ó fi ti pé o lè ju owó sàn jù: kó kọ́kọ́ jó ọ ná, lẹ́yìn náà ni wàá jù ú, tó bá ṣí orí, iná ti kú. Májèlé kì í fúnra ẹ̀ lọ.

Kọ́ńdọ̀ Sábó
Èyí tí orí ẹ̀ dàrú ni kò nípọn rárá. Tí owó bá ṣí ìdí, kò kàn ní lè lù ni. Ọgbẹ́ kankan ò sí ńbẹ̀.

Àgbọn Àgbádárìgì
Ta ló sọ fún ẹ? Ọgbẹ́ 30 ni! Òun fúnra ẹ̀ ló máa fi lu ara ẹ̀. Ó ti pa tèmi rí. 30 gééré ló kù fún un, ẹ́nájì tí mo lè fi sá wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé tí mo bá lù báyìí mo ti gba ẹ̀bùn tó kẹ́yìn. Mo ju kọ́bọ̀ ìyá àgbà. Ó yí, ó yí, ó lọ fara ti ife omi, ó sùn: àmì ìjọba. Káàdì mi para ẹ̀, ọ̀tá mi mú ẹ̀bùn láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan nǹkan. Mi ò jẹun alẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Kọ́ńdọ̀ Sábó
Mo ń ta á lójoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n. Kò sí 30 kankan níbẹ̀.

Tíṣà Odògúnyàn
Kọ́ńdọ̀, ṣé orí fóònù lo ti ń ta á?

Kọ́ńdọ̀ Sábó
Bẹ́ẹ̀ ni, Pocket.

Tíṣà Odògúnyàn
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Pocket tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, káàdì 20 ni wọ́n ń kó, ẹni tó bá ní àmì mẹ́ta ló jẹ, orí dídàrú ibẹ̀ ò sì ní ọgbẹ́ nínú. Ti páálí, káàdì 60, ẹ̀bùn mẹ́fà, ọgbẹ́ 30. Ẹ má fi òfin ọ̀kan ṣèdájọ́ èkejì.

Kọ́ńdọ̀ Sábó
Ó ti yé mi, sà. Àgbọn, ẹ má bínú.

Àgbọn Àgbádárìgì
Kò tọ́pẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ìtamàgà
Ìbéèrè kan. Ṣé káàdì kan lè sùn kó tún yarọ?

Tíṣà Odògúnyàn
Rárá. Bí wọ́n ṣe ń yí i ni kó o fi rántí ẹ̀. Tó bá sùn, orí ẹ̀ á kọjú sápá òsì. Tó bá yarọ, sápá ọ̀tún. Tí orí ẹ̀ bá dàrú, wàá dà á dorí kodò. Káàdì kan ò lè dùbúlẹ̀ lọ́nà méjì, ìkẹyìn tó dé ló máa lé ti tẹ́lẹ̀ lọ. Májèlé àti iná kì í yí káàdì, orí ẹ̀ la máa ń gbé àmì lé, nítorí náà wọ́n lè bá èyíkéyìí nínú mẹ́ta yẹn gbé. Èmi ń fi bọ́tìnì pupa ṣe iná, dúdú ṣe májèlé, hóró àgbàdo ṣe ọgbẹ́.

Bọ̀dá Ìjẹ̀dẹ̀
Ẹni tó bá ti ta Whot rí, yíyarọ ò yẹ kó ṣòro fún un. 8 ni. Wọ́n fò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún kàn ọ́.

Ẹja Ẹ̀pẹ́
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú Whot o ò lè ṣe nǹkankan. Nínú eléyìí, tí èyí tó wà níwájú bá yarọ, o ṣì lè fa káàdì, o lè kó àwọn tuntun sí bẹ́ǹṣì, o lè lẹ ẹ́nájì mọ́ wọn. Lílù àti sísá nìkan ni wọ́n dì mọ́ ọ lọ́wọ́.

Bọ̀dá Ìjẹ̀dẹ̀
Mo gbà.

Àbẹ̀kẹ́ Ìtamàgà
Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti dárúkọ Whot: tí wọ́n bá fi 2 gbé mi, ṣé mi ò lè fi 2 tèmi dá a padà ni? Ọkọ mi ní kò sóhun tó jọ ọ́.

Kọ́ńdọ̀ Sábó
O lè dá a padà!

Ẹja Ẹ̀pẹ́
Ní Ẹ̀pẹ́, kò sí ìyẹn o. Wàá gbé méjì ẹ.

Ìyá Ìbejì, Agric
Nílé wa, a ń dá a padà. Ẹ̀yin lẹ máa fẹnu kò kẹ́ ẹ tó pín káàdì.

Ọmọ Ìgbógbó
Mo dé o. Mo tún bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ta lánàá. Ó tún fi oorun kọ lu Charmander mi. Mo ju owó, ìdí ló ṣí, ṣùgbọ́n mi ò dúró de òmíràn, bó ṣe kàn mí báyìí ni mo gbé Charmeleon lé e, mo yí i dìde, mo lù ú. Ọmọ yẹn wò mí títí, ó ní, "Ta ló sọ fún yín?" Mi ò tíì dá a lóhùn.

Ìyá Ìbejì, Agric
Káre láé! Ẹ bá mi bi Àgbọn bóyá ó lè mú kọ́bọ̀ yẹn dání tó bá ń bọ̀ ní Ìkòròdú. Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ rí kòkó tó wà lójú ẹ̀.