Kòkòrò funfun lẹ́nu ẹja àpò: ṣé a ṣì lè tà á?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ẹja àpò tó wọlé láti Ìgbókòdá, kòkòrò funfun kan jókòó síbi tí ahọ́n yẹ kó wà. Àwọn kéékèèké tún wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà. Ẹ̀rù ń ba oníbàárà. Ṣé ó ṣeé jẹ? Ṣé ó lè ran àrọ̀ inú adágún?

Olùtọ́jú Ẹja
Ẹ kú ọjà, ìyá. Ẹ má dà á nù. Ìbátan edé àti akàn ni, Cymothoidae lorúkọ ẹbí rẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀: méje lọ́tùn-ún, méje lósì, ìkọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ńlá ẹnu yẹn, abo ni. Kékeré abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sábà máa ń jẹ́ akọ. Akọ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń jẹ́, kí òmíràn tó wá di abo. Kì í gbé ara ènìyàn. Ẹja tó bá jinná dé egungun kò léwu.

Bí ẹ bá fi ọwọ́ já a gbà, ìkọ́ á fa ẹran ya, ẹsẹ̀ á sì kù síbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ẹ mì ín jẹ́jẹ́ títí ìkọ́ á fi tú. Èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ gé gbogbo ohun pupa tí ẹja fi ń mí kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń tètè bàjẹ́ jù lọ. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án, kí ẹ tó kó o sínú yìnyín.

Ohun kan tó ń pa ọjà lára nìyí: kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lè mú kí pupa náà ṣá, oníbàárà á sì rò pé ẹja ti pẹ́. Ẹ ní kó wo ojú ẹja, kó gbóòórùn rẹ̀, kó tẹ ẹran rẹ̀ wò bóyá ó ń dìde padà.

Aládàágún, Oǹdó
Ti òkun yìí kò lè pẹ́ nínú omi adágún wa. Argulus, kòkòrò ara ẹja mìíràn, ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́: ó pẹlẹbẹ, ó ń rìn lára ẹja. Ara òkúta àti igi ló ń lẹ ẹyin mọ́, nítorí náà ṣíṣa àgbà rẹ̀ nìkan kò parí iṣẹ́. Ẹ fa omi gbẹ, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ sán, ẹ wá fọ́n láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí a ń ṣe láti ara òkúta), kílò kan sí ilẹ̀ tó gùn ní mítà márùn-ún, tó fẹ̀ ní mítà méjì. Ìfun ẹja òkun, ẹ sè é kẹ́ ẹ tó fi bọ́ àrọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Àkúrẹ́
Ẹ ṣeun. Èyí tí mo fẹ́ yan ńkọ́?

Olùtọ́jú Ẹja
Iná á pa á, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ á gbẹ mọ́ ẹnu ẹja. Ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e sórí ààrò.