Ìdáhùn: "aparora" àti oyin tó mu morphine

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ará Àjàṣẹ́ kọ lánàá nípa àwọn tó ń fún oyin ní morphine, oògùn tí dókítà ń fún ẹni tí ìrora ń dà láàmú, láti mọ̀ bóyá ìwà rẹ̀ á yí padà. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. "Aparora" tí wọ́n pe oògùn náà ni kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ sin "ì" sí? Pa ìtàn di pìtàn, a sì rí apìtàn. Pa ìrora ńkọ́? Ẹ ó ní "parọ́" náà jẹ "i". Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ohùn àárín nìyẹn. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í kú kó má fi òkú sílẹ̀. Ó kéré tán, ẹ kọ "apàrora".

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ fi ti ohùn sílẹ̀. "Pa" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ní 1983, ní Ajẹntínà, wọ́n gún oyin ní abẹ́rẹ́ morphine, wọ́n fi iná mànàmáná gbọ̀n ọ́n. Kò yára yọ oró mọ́. Ní 2017, ní Ọsirélíà, wọ́n gé ẹsẹ̀ àwọn kan, wọ́n gbé omi ṣúgà méjì síwájú wọn, morphine wà nínú ọ̀kan: àwọn tó farapa kò yan oògùn ju àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé lọ. Ta wá ló rí ìrora tí ẹ ní wọ́n pa? Ọ̀rọ̀ yín ti dájọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé.

Bàbá mi àgbà ní Kétu máa ń di koríko gbígbẹ, wọ́n á finá sí i, wọ́n á fẹ́ èéfín sínú ihò ìrókò, kí wọ́n tó na ọwọ́ bọ ibẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Oyin á máa rìn lórí awọ wọn, kò ní ta wọ́n. Wọn kò sọ ọ́ rí pé èéfín pa ìrora oyin. "Ara rẹ̀ ti rọ̀" ni wọ́n máa ń wí. Ibẹ̀ ni mo ti mú "amárarọ̀" tèmi, tí mo fẹ́ ká fi rọ́pò "aparora".

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín: ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìfi àmì sí i, "amararo", ti sọ oògùn di ohun tó ń mú ara ro. Ẹ̀bi fóònù rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n sì ní àwọn ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní èdè. A dúpẹ́, àmọ́ bàbá mi àgbà ò mọ̀wé, wọn ò sì ṣi ohùn pè rí.

Ti "kòkòrò" tí ẹ pe oyin, ẹ jẹ́ n jẹun ná.