Lórí “owó-àtòkèèrè-wọlé”: iṣẹ́ wo ni “dá” ń ṣe nínú ìdókoòwò?

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o.

Àbá tí wọ́n mú wá lánàá, pé kí a máa pe ìdókoòwò tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè ń ṣe nílẹ̀ wa ní “owó-àtòkèèrè-wọlé”, n kò fara mọ́ ọn rárá. Wọ́n ní “ìdókoòwò àjèjì tààrà” gùn jù. Bó bá jẹ́ gígùn ni, a lè gé e. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, wọn kò sì wo ilé tí ọmọ yìí ti wá.

Ẹ wo “wọlé” yẹn. Ohun mẹ́ta ni àwọn oníṣirò ń kà pọ̀: owó tí àjèjì fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tó fi ra ìpín nínú rẹ̀, èrè tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ níbí tí kò pín, tó dá padà sínú iṣẹ́, àti owó tí ilé-iṣẹ́ ìyá yá ọmọ rẹ̀. Mílíọ̀nù 285 dọ́là tí MTN san gba ìwé àṣẹ GSM lọ́dún 2001, ìyẹn wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ilé-iṣẹ́ fóònù kan ta káàdì n'Íbàdàn, ó jèrè náírà, ó fi èrè náà ri òpó tuntun mọ́lẹ̀ ní Ṣakí. Kọ́bọ̀ kan kò ti òkèèrè wá, síbẹ̀ ìdókoòwò àjèjì ni wọn yóò kọ ọ́ sí. Ibo ni “wọlé” wà níbẹ̀?

Ẹ wo “owó” inú orúkọ náà pẹ̀lú: ẹni tó kó ẹ̀rọ wá ńkọ́? Ẹni tó kó ẹ̀rọ wá dípò owó yóò gba Form M, ìwé tí a fi ń forúkọ ọjà òkèèrè sílẹ̀, irú èyí tí báńkì kò ní san owó òkèèrè lé lórí, wọn yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí ìkówówọlé bíi ti ẹni tó kó dọ́là wá. Ẹni tí kò bá gba ìwé ẹ̀rí náà, ọjọ́ tó bá fẹ́ fi èrè ránṣẹ́ sílé ni yóò mọ̀: kò ní rí dọ́là rà ní ọjà ìjọba.

Èyí tó burú jù ni pé orúkọ náà da onílé pọ̀ mọ́ àtìpó. Lọ́dún 2019, owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó wọ Nàìjíríà tó bílíọ̀nù 24 dọ́là. Ó lé ní bílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn tó wá ra ìwé gbèsè àti ìpín díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n lè tà á lọ́la kí wọ́n máa lọ. Ìdókoòwò gan-an kò tó bílíọ̀nù kan. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, àpapọ̀ owó náà kò tó bílíọ̀nù 10 mọ́. Àwọn àtìpó ti ká ẹní. Ìdókoòwò kò yẹsẹ̀, ó ṣì wà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù kan.

Àwọn àgbà tó so “ìdókoòwò” pọ̀ ti rí èyí ṣáájú wa. Dá, oko, òwò. Ẹni tó dáko ti ṣán igbó, ó ti kọ ebè, kò sì sí ẹni tó ń ru ebè rìn. Ẹ wo èbúté Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní 2023: nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 75 jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ òkèèrè méjì, China Harbour àti Tolaram, 20 jẹ́ ti ìjọba Èkó, 5 jẹ́ ti àjọ tó ń bójú tó èbúté. Ta ni yóò ká èbúté sápò sá lọ?

“Tààrà” nìkan ni mo gbà kí a yọ. Ọ̀nà ló ń lọ tààrà. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ilé-iṣẹ́, ó kéré tán, ni IMF, àjọ owó àgbáyé, fi ń dá a mọ̀; ẹni tó nìbò lóhùn, nítorí náà “ìdókoòwò àjèjì alóhùn” ni mo dábàá, kí ti àwọn tó ń ra ìwé gbèsè àti ìpín díẹ̀díẹ̀ máa jẹ́ “owó àtìpó”. Kì í ṣe “aláṣẹ”, ìdá 10 kì í pàṣẹ.

Ẹ dákun, ẹ má kọ “ìdókòwò” mọ́. Òkò là ń jù, oko là ń dá.

*

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ìṣirò yín kò lábùlà, “wọlé” ti kú. “Dá” yín ni n kò gbà. Ẹ wo ìpajẹ fáwẹ̀lì, bí fáwẹ̀lì kan ṣe ń bọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé: dá oko, dáko, dá owó, dáwó, dá ẹjọ́, dájọ́, dá ohùn, dáhùn. Fáwẹ̀lì “dá” ló ń dúró níbi gbogbo. Bó bá jẹ́ òun ni, “ìdákoòwò” là bá máa wí. “Dó” inú “tẹ̀dó” ni. Ẹni tó dó síbì kan, àgọ́ ló pa, ó sì lè tú u. Ọ̀rọ̀ ebè yín dà?

“Okòwò” ni àwọn àgbà rédíò ń pè é nígbà tí rédíò ṣì gbọ́ Yorùbá. Àrànmọ́ ohùn ni, ohùn ìsàlẹ̀ “òwò” ló ràn mọ́ “oko”, kì í ṣe òkò.

Àbá àná tún fi “ìdàgbàsókè” sínú àkọlé rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn náà kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ àjèjì bá pèsè níbí wà nínú GDP wa, ìyẹn iye gbogbo ohun tí a pèsè nílẹ̀ wa lọ́dún, èrè tó kó lọ kò sí nínú owó tó kù sí wa lọ́wọ́. Ìgbèrú nìyẹn, kò tíì di ìdàgbàsókè.

*

Àbúrò, “dá ọgbọ́n” ńkọ́? “Dọ́gbọ́n” ni, n kò gbọ́ “dágbọ́n” rí. Fáwẹ̀lì “dá” ló bọ́ níbẹ̀. Nínú “tẹ̀dó”, “tẹ̀” ni ọ̀rọ̀-ìṣe, “ìdó” ni àbọ̀ rẹ̀. Kò sí “dó” kankan tí o lè yá níbẹ̀.

Mo gba ti ìgbèrú. Ṣùgbọ́n èrè tí a kò pín, tí a dá padà sínú iṣẹ́, kò tíì lórúkọ. “Èrè àtúngbìn” ni mo mú wá. Bó bá jẹ́ “dó” ni lóòótọ́, sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan gbìn sínú àgọ́.