Bàbà tí mo fi bo irin ń bó, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Pẹ́dà gíà ọ̀kadà kan ló wà lọ́wọ́ mi, irin ni, mo fẹ́ fi bàbà bò ó kó lè dán, mo wá po copper sulphate (iyọ̀ bàbà aláwọ̀ búlúù) mọ́ omi, mo kán ásíìdì bátìrì díẹ̀ sí i, mo so bátìrì 12V mọ́ ọn, wáyà bàbà sí pọ́sítíìfù, pẹ́dà sí nẹ́gétíìfù. Kíá ló pọ́n, àmọ́ tí n bá ti fi èékánná ha á báyìí ó ń bó, etí ẹ̀ sì dúdú, ó ń kun èèyàn lọ́wọ́ bí èédú. Mo sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa o.

Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà: Ẹ tú wáyà yẹn ná, kẹ́ ẹ ju ìṣó lásán sínú omi yẹn láìsí iná kankan. Á pọ́n fúnra ẹ̀. Irin ló ń yọ́ tí bàbà ń gba ipò ẹ̀, kò sì dì mọ́ ọn dáadáa, èyí tẹ́ ẹ wá fi iná kó lé e, orí ìyẹn ló jókòó sí, òun ló ṣe ń bó. Nickel, irin funfun kan tó ń dán, lẹ máa kọ́kọ́ fi bò ó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ti dúdú etí yẹn, iná ló pọ̀ jù. 12V tààrà fún pẹ́dà! Ẹ fi gílóòbù bíréèkì ọkọ̀ 21W sáàárín wáyà, kò ní jẹ́ kó fà ju bíi 1.75A lọ. Ọṣẹ nìkan ò sì tó, tẹ́ ẹ bá da omi sí i tó ń ṣù jọ, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ ṣé mà. Nickel gan-an ni ò sí, ṣé ṣíbí sítéènlẹ́ẹ̀sì ò lè ṣe é?

Àlàájì 2T: Háà, ẹ má dán an wò! Chromium inú ẹ̀ ló máa yọ sómi, májèlé tó ń fa jẹjẹrẹ ni. Ẹ wá nickel pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so bátìrì lithium pọ̀, àmọ́ ayédèrú pọ̀ ńbẹ̀ jàre, irin tí wọ́n fi nickel bò lásán, mágínẹ́ẹ̀tì ò sì lè tú u fó torí méjèèjì ló ń fà. Ẹ fi fáìlì ha á, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sómi iyọ̀ mọ́jú, tó bá dípẹtà, ẹ dá a padà fẹ́ni tó tà á. Tó bá jẹ́ ojúlówó, fínígà funfun, iyọ̀ ṣíńkín, nickel lápá méjèèjì, pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù, iná kékeré, níta gbangba o, títí omi á fi ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́. Omi yẹn lẹ máa wá fi bo pẹ́dà ní nickel.

Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà: Tẹ́ ẹ bá ti yọ pẹ́dà nínú omi nickel, ẹ ṣàn án, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, kí iná ti wà lára ẹ̀ kó tó kan omi bàbà.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Mo ti ń lọ ra fínígà báyìí. Omi tó bá ṣẹ́kù ńkọ́, ṣé kí n dà á sí gọ́tà?

Ìyá Ìbejì: Gọ́tà kẹ̀! Ẹ rọ ọ́ sínú kéègì, ẹ dé e pa, ẹ kọ nǹkan tó jẹ́ sí i lára káwọn ọmọ má baà mu ún, ẹ ṣì máa lò ó fún òmíì.