Ẹ bá mi wá ọmọ tó fúyẹ́ tó máa gun ẹṣin mi lọ sí Ojúde Ọba

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọkàn mi ò balẹ̀, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Láyé bàbá wa, ẹṣin méjì ni wọ́n máa ń dì ní gàárì nílé wa lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Bàbá lọ tán, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pín ilẹ̀, wọ́n pín ilé, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹṣin. Èmi obìnrin ni mo kó èsúsú tí mo fi ọdún méjì dá, mo fi ra ẹṣin kan. Kò ga, èjìká rẹ̀ ò ju àyà mi lọ. Ó pupa, ìlà funfun kan gba iwájú orí rẹ̀ dé imú. Arẹwà ni mo sọ ọ́. Mo ti rán aṣọ rẹ̀, mo ti ra ṣaworo ọrùn rẹ̀, 14 ni, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń kọ mọ̀nà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ewúrẹ́ ni mo rà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún méje, èmi tí mo pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ ń lọ sọ́jà, ni mo ní kó gun ẹṣin yìí. Ó ní ṣé ọmọ òun ni mo fẹ́ fi dárà láàárín ìlú ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ọmọ tó fúyẹ́, tí kì í bẹ̀rù, ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè? Màá rán aṣọ fún un. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Ojúde Ọba.

Ìyá Ràṣídá
Ẹ kú ìnáwó o. Ràṣídá mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ẹṣin ló fẹ́ràn jù láyé. Nígbà tá a lọ sétí òkun l'Ékòó, a sanwó kó jókòó lórí ẹṣin ká ya fọ́tò, ó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi súùtì tàn án. Ẹ sọ ọjọ́ tí kó wá.

Baba Ẹlẹ́ṣin
Àbíkẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. O sọ iye ṣaworo, o ò sọ ọjọ́ orí ẹṣin. Akọ ni àbí abo? Bó bá jẹ́ akọ, ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá? Ṣé ẹnì kan ti gùn ún rí? Ṣé ó ti gbọ́ ìró ìbọn rí? Ìyá Ràṣídá, ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹṣin etí òkun ti gbé àlejò títí ó ti sú u, ìyẹn ò jọ ti ọjọ́ ọdún tí ìlù àti ìbọn ń dún pọ̀.

Mọrẹ́nikẹ́ ní London
Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ń kọ́ ẹṣin gígùn níbí. Kí wọ́n tó fún ọmọ ní ẹṣin kékeré, wọ́n á gbé e lórí òṣùwọ̀n. Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé ẹni tó gùn ún pẹ̀lú gàárì ò gbọ́dọ̀ wúwo ju ìdá kan nínú márùn-ún ara ẹṣin lọ, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ wọn àyà rẹ̀ yíká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ wọn ara rẹ̀ láti èjìká iwájú dé ìdí. Ẹ fi ti àyà lọ́po ara rẹ̀, ẹ fi gígùn lọ́po rẹ̀, ẹ wá pín in sí 11,900. Kílò rẹ̀ nìyẹn.

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú
Mo ti wọ̀n ọ́n. Àyà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 130, gígùn 120. Akọ ni. Ẹni tó tà á fún mi ní ọmọ ọdún márùn-ún ni, ó ní wọ́n kó o wá láti Òkè Ọya. Gàárì bàbá mi ni màá lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n yí i padà. Òun nìkan ló kù mí lọ́wọ́.

Mọrẹ́nikẹ́ ní London
Kílò 170 nìyẹn. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 34. Ẹ gbé gàárì náà lórí òṣùwọ̀n.

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú
Kílò 12, pẹ̀lú aṣọ abẹ́ rẹ̀.

Mọrẹ́nikẹ́ ní London
Ó ku 22. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó sanra díẹ̀ ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì gbàgbé akoto.

Tìjání Ọlọ́dẹ
Akoto bíi ti ọlọ́kadà lórí ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba? Láti ayé Balógun Kúkù, olórí ogun Ìjẹ̀bú àtijọ́, láwàní àti fìlà ni wọ́n ń dé. Èmi gun ẹṣin lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo ṣubú, mo dìde.

Mọrẹ́nikẹ́ ní London
Ẹ̀yin dìde, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ aládùúgbò wa kan kò dìde fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ dé akoto fọ́mọ, kí ẹ wé láwàní lé e lórí. Ta ló máa mọ̀?

Ìyá Ràṣídá
Ràṣídá ò sanra o. Kílò 26 ni.

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, kó má baà dà bí ẹni pé mo fi í pamọ́. Wàsíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ti gùn ún ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ọdún 12 ni. Bí wọ́n bá ń di gàárì, Arẹwà máa ń rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Wọ́n rìn dé iwájú mọ́ṣáláṣí, ó kúnlẹ̀ lójú títì. Wàsíù fi ìgúnpá bó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo rò pé ọlẹ ló ń ṣe ẹṣin náà ni.

Baba Ẹlẹ́ṣin
Háà, Àbíkẹ́! O jókòó, o ń fi ìyàwó ilé yín sùn, ohun tójú ẹ̀ rí ló sì ń sọ. Kò sí ọlẹ níbẹ̀. Gbé ètè rẹ̀ sókè nísinsin yìí, ya eyín iwájú rẹ̀, fi ránṣẹ́.

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú
Mo ti fi ránṣẹ́, sà. Mẹ́fà lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀. Wọ́n kéré, wọ́n funfun báláú, gbogbo wọn dọ́gba.

Baba Ẹlẹ́ṣin
Eyín ọmọdé ni gbogbo wọn. Méjì àárín ni ẹṣin kọ́kọ́ ń pààrọ̀, nígbà tó bá tó ọdún méjì àbọ̀. Méjì tó tẹ̀ lé e, ọdún mẹ́ta àbọ̀. Ti ẹ̀gbẹ́, ọdún mẹ́rin àbọ̀. Tìẹ ò tíì pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó tà á fún ẹ purọ́. Ọmọ ẹṣin lo rà, egungun ẹ̀yìn ló sì máa ń gbó kẹ́yìn lára ẹṣin. Kò sí ọmọ tó fúyẹ́ tó fún un lọ́dún yìí.

Tìjání Ọlọ́dẹ
Lórí èyí, Baba sọ òótọ́. Mo ti rí ẹṣin tí wọ́n tètè gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí igbá, kò gbé ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú.

Mọrẹ́nikẹ́ ní London
Ṣé kò lè rìn láìsí ẹni lórí? Ẹ wọ aṣọ fún un, ẹ so ṣaworo mọ́ ọn, kí ẹ fi ìjánu mú un lọ́wọ́.

Baba Ẹlẹ́ṣin
Kó kọ́kọ́ gbọ́ ìlù láti òkèèrè lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń ta nígbà tí ìbọn dún, kó dúró sílé. Pe dókítà ẹran kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Eṣinṣin tsetse ń fún ẹṣin Òkè Ọya ní àìsàn nígbó tiwa níbí.

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú
Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Mo fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, níbi tí gàárì máa ń jókòó sí, ó yí orí padà, ó fi imú ti ọwọ́ mi kúrò. Ó ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ yẹn. Mo ti gbé gàárì bàbá mi padà sórí àjà. Dókítà ẹran ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Màá lọ bá a nílé.

Ìyá Ràṣídá
Ṣé kí n ṣì mú Ràṣídá wá?

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú
Ẹ mú un wá, mà. Kó wá bá mi fọ̀ ọ́, kó sì máa bá mi ké koríko fún un.